Ta ni kó gba wúrà báyìí? Ìfiwéra òfin àtúnpín mẹ́dàlì fún àwọn tó ń ṣètò eré nílẹ̀ Ọ̀kun

Ọ̀kun o, ẹ̀yin géèmù máásítà àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ eré, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Àsìkò ìntá-háúsì ti ń wọlé, lẹ́tà ìpè sì ti ń jáde. Ẹ óò rí ọjọ́ nínú lẹ́tà náà, ẹ óò rí owó ìforúkọsílẹ̀ àti àwọ̀ jẹ́sì. Ohun tí ẹ kì í sábà rí ni ìlà kan ṣoṣo tó sọ ohun tí a óò ṣe bí ẹni tó gba ipò kìíní bá di ẹni tí kò yẹ kó sáré rárá. Àìsí ìlà yẹn ló máa ń di ariwo lábẹ́ kánópí.

Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn kọ́ ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìtọ̀ ọmọ iléèwé láti Ìsánlú lọ sí ilé àyẹ̀wò kankan. Mẹ́sínárì ni ìṣòro wa: ọmọ tí kì í ṣe ti iléèwé náà, tí wọ́n wọ jẹ́sì fún láàárọ̀ ọjọ́ eré, tó sì ti wọ mọ́tò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, ẹni tó lo oògùn àti mẹ́sínárì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà da èsì rú. Bí a bá yọ ẹni náà, kí la óò ṣe sí máàkì tó kó wá? Kí la óò ṣe sí àwọn tó bá a wà nínú ẹgbẹ́? Àwọn tó sáré lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ńlá ńlá àgbáyé ti fi ń jà lórí ìbéèrè wọ̀nyí. Eyí tó yé mi jù nínú gbogbo ìjà náà wáyé lórí yìnyín, nínú ijó tí wọ́n ń fi bàtà abẹ́ irin jó. Yìnyín tí àwa mọ̀ kò ju ti inú kúlà tí wọ́n fi ń ta mínírà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka máàkì ìdíje ẹgbẹ́ wọn, ìntá-háúsì gan-an ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Beijing

Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti ọdún 2022 ni. Ẹgbẹ́ 10 ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Ọkùnrin kan ń jó, obìnrin kan ń jó, takọtabo kan ń jó tí wọ́n sì ń ju ara wọn sókè, takọtabo mìíràn ń jó láìju ara wọn. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe ipò kìíní gba máàkì 10 fún ẹgbẹ́ rẹ̀, èkejì gba 9, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ títí dé 1. Ẹgbẹ́ márùn-ún tó léwájú padà wá jó ijó gígùn, wọ́n sì tún pín 10, 9, 8, 7 àti 6. Wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì, Rọ́ṣíà ló ṣe ipò kìíní pẹ̀lú 74. Amẹ́ríkà ní 65, Jàpáànù ní 63, Kánádà ní 53. Kamila Valieva, ọmọ ọdún 15, ló jó fún Rọ́ṣíà ní ìsọ̀rí obìnrin lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sì ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òun nìkan kó 20 wọlé nínú 74 yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ilé àyẹ̀wò kan ní Stockholm fi èsì ránṣẹ́. Ìtọ̀ tí wọ́n gbà lára ọmọ náà ní St Petersburg lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì bá trimetazidine nínú rẹ̀, oògùn tí àwọn alárùn ọkàn ń lò, tó sì jẹ́ èèwọ̀ fún eléré ìdárayá. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èsì yẹn tó jáde. Ká ní ó tètè dé ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má dé Beijing rárá, èmi náà ì bá sì má máa kọ èyí.

Wọn kò pín mẹ́dàlì. Àwọn agbẹjọ́rò ọmọ náà sọ pé oògùn bàbá àgbà rẹ̀ ló kó bá a. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Rọ́ṣíà gbà pé kò lẹ́bi. Àjọ WADA, tó ń gbógun ti oògùn nínú eré, gbé ẹjọ́ lọ sí CAS, ilé ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, CAS ní ọmọ náà kò fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n lé e kúrò nínú eré fún ọdún mẹ́rin tí wọ́n kà láti ọjọ́ tí wọ́n gba ìtọ̀ náà, wọ́n sì fagi lé gbogbo èsì rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí ISU, àjọ tó ń darí eré orí yìnyín, fi mú bírò. Wọ́n yọ 20 nínú 74, ó ku 54. Amẹ́ríkà gba wúrà, Jàpáànù gba fàdákà, Rọ́ṣíà sì gba idẹ. Kánádà wà nílẹ̀ pẹ̀lú 53. Máàkì kan péré.

Ẹ wo bí tábìlì náà ṣe rí lábẹ́ òfin méjì tó ṣeé lò:

| Ẹgbẹ́ | Bó ṣe parí ní Beijing | Yọ 20 nìkan (ohun tí ISU ṣe) | Yọ 20, kí a sì sún àwọn tó kù sókè |
|---|---|---|---|
| Amẹ́ríkà | 65 | 65 | 67 |
| Jàpáànù | 63 | 63 | 65 |
| Rọ́ṣíà | 74 | 54 | 54 |
| Kánádà | 53 | 53 | 55 |

Wúrà kò yí padà, fàdákà kò yí padà. Idẹ nìkan ni òfin tí ẹ bá yàn yóò gbé láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Òfin àkọ́kọ́: yọ máàkì ẹlẹ́ṣẹ̀, má fọwọ́ kan ìyókù

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ohun tó wà nídìí òfin yìí nìyẹn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mark Kondratiuk jó tirẹ̀ lára àwọn ọkùnrin, Anastasia Mishina àti Aleksandr Galliamov jó tiwọn. Kò sẹ́ni tó bá oògùn lára wọn. Máàkì 54 tó kù, òógùn wọn ni. Òfin yìí rọrùn pẹ̀lú: ẹni tó ń kọ máàkì kan fa igi sórí nọ́ńbà kan ni, ó yọ ọ́ nínú àròpọ̀, iṣẹ́ parí.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó fi ihò sílẹ̀ lókè. Nínú ìwé èsì yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe ipò kìíní nínú àwọn obìnrin. Madeline Schizas ti Kánádà ṣe ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó gba 8 àti 8. Àwọn méjì ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn méjì náà kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi ṣì ń gba máàkì ẹni kẹta?

Òfin kejì: yọ ọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn sì bọ́ sókè

Ohun tí Kánádà béèrè fún nìyí. Òfin ISU fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀, èyí tó ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò bọ́ sí ipò tó wà níwájú wọn. Bí a bá tẹ̀lé e, Schizas yóò di ẹni kejì lẹ́ẹ̀mejèèjì, 8 rẹ̀ yóò di 9, Kánádà yóò sì ní 55. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àti Jàpáànù náà yóò gòkè ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí tiwọn náà fi kún. CAS kò gbà fún wọn; wọ́n da ẹjọ́ Kánádà nù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2024.

Wọ́n dájọ́ wọn, ṣùgbọ́n fún eré tiwa níbí, òfin kejì yìí ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí.

Iléèwé kan ní Ìjùmú ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Háúsì yẹ́lò gbé ọmọ kan wá sínú eré 800 mítà àwọn obìnrin. Ọmọ náà fi àwọn ìyókù sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì pápá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn ni ẹnìkan mọ̀ ọ́n: ọmọ iléèwé mìíràn ni, ó tilẹ̀ ti sáré fún iléèwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà ìṣirò tó ń kọ máàkì sórí kádíbọ́ọ̀dù fi pẹ́ńsù fa igi sórí 5 yẹ́lò. Ìpín wọn ni 5, 3 àti 1. Ọmọ gíríìnì tó ṣe ipò kejì wá dúró síwájú tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kún fún erùpẹ̀ pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wá ṣe fásìtì?"

"Kò sí fásìtì."

"Ṣé afẹ́fẹ́ wá ni mo ṣe sẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn rẹ̀ ni, sà?"

Tíṣà kò dá a lóhùn, ó kàn ń fi èèpo pẹ́ńsù ṣeré. Nígbà tí gbogbo eré parí, búlúù ní 41, gíríìnì ní 40. Ká ní wọ́n sún ọmọ náà sókè ni, 3 rẹ̀ ì bá di 5, gíríìnì ì bá ní 42, kọ́ọ̀bù náà ì bá sì jẹ́ tiwọn. Búlúù tó gbé e kò tilẹ̀ lẹ́ni tó gba máàkì nínú eré náà. Mẹ́sínárì yẹ́lò jẹ gíríìnì níyà, ó sì fi ọlá fún búlúù, òfin tó yọ máàkì nìkan sì fi àṣẹ sí i.

Àwọn kan á ní bí a bá ń sún ènìyàn sókè, à ń fún wọn ní máàkì tí wọn kò sáré fún. Mi ò gbà. Wọ́n sáré. Ẹni tí kò yẹ kó wà nínú eré ló gba ipò wọn. Àtakò tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti ìpele tó ti kọjá. Ní Beijing, ẹgbẹ́ márùn-ún ló padà wá jó ijó gígùn. Kò sí bí a ṣe lè pe ẹgbẹ́ kẹfà padà lẹ́yìn ọdún méjì pé kí wọ́n wá jó ohun tí wọn kò jó. Lọ́dọ̀ wa náà, bí mẹ́sínárì bá gba àyè ọmọ mìíràn ní hítì, eré ìṣáájú tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa dé àṣekágbá, ọmọ yẹn kò ní sá fáínà mọ́. Sísún sókè kò wo ọgbẹ́ yẹn sàn, kò sì sí òfin tó lè wò ó sàn. Ìdí nìyẹn tí yíyẹ orúkọ wò kí hítì tó bẹ̀rẹ̀ fi dára ju òfin àtúnpín tó gbọ́n jù lọ.

Òfin kẹta: gbogbo ẹgbẹ́ pàdánù

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Rílè ni ilé òfin yìí. Nínú rílè, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àkókò kan ṣoṣo sì ni agogo ń kà. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ ti ẹnìkan kí ti àwọn mẹ́ta tó kù ṣẹ́ kù.

Usain Bolt kò lo oògùn kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìtọ̀ Nesta Carter tó bá a sáré yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí ohun èèwọ̀ nínú rẹ̀, Bolt dá wúrà rílè 4x100 mítà ti Beijing 2008 padà ní ọdún 2017, tòun ti gbogbo Jàmáíkà. Trinidad and Tobago gba wúrà, Jàpáànù gba fàdákà, Bràsíl gba idẹ.

Nàìjíríà ti jẹ dídùn òfin yìí, ó sì ti jẹ kíkorò rẹ̀. Ní Sydney 2000, Amẹ́ríkà gba wúrà rílè 4x400 mítà ọkùnrin, àwa ṣe ipò kejì. Wọ́n kọ́kọ́ bá ẹ̀sùn oògùn lọ́rùn Jerome Young, tó sáré nínú hítì. Lọ́dún 2005, CAS ní kí Amẹ́ríkà mú wúrà wọn, nítorí pé òfin tó wà nílẹ̀ lọ́dún 2000 kò sọ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdánù nítorí ọ̀kan. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì: ìlà kan tí wọn kò kọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà tó di ọdún 2008, Antonio Pettigrew, tó sáré nínú fáínà gan-an, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Michael Johnson tó bá a sáré sọ pé òun yóò dá tòun padà. Ọdún 2012 ni wúrà náà tó wá di ti Nàìjíríà. Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sá fáínà, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Ní Birmingham 2022, ó kan àwa náà. Tobi Amusan, Favour Ofili, Rosemary Chukwuma àti Grace Nwokocha gba wúrà 4x100 mítà ní ìdíje Commonwealth. Àyẹ̀wò Nwokocha jáde, wọ́n bá oògùn èèwọ̀ nínú rẹ̀, wúrà lọ. England gbà á, Jàmáíkà gba fàdákà, Australia gba idẹ. Àwọn tó yọ̀ lọ́dún 2012 pé òdodo lékè, mo gbọ́ kí díẹ̀ nínú wọn máa sọ pé ìyà ọ̀kan kò yẹ kó kan mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n, òfin kan náà ni.

Ẹ má gbé òfin yìí kúrò nínú rílè àti bọ́ọ̀lù lọ síbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dá gba máàkì tirẹ̀. Bí háúsì yẹ́lò bá ní ogójì ọmọ tí wọ́n sáré, tí wọ́n fò, tí wọ́n ju ṣọ́ọ̀tì, ẹ kò lè lé gbogbo wọn dànù nítorí ọmọ kan tí tíṣà kan gbé wá. Ọ̀tọ̀ ni bí ìgbìmọ̀ háúsì fúnra wọn bá gbìmọ̀ pọ̀ mú un wá. Ìyẹn ẹjọ́ àgbà, ẹ bá àgbà wí, kì í ṣe ọmọ.

Méjì tí kì í sábà wúlò

Ọ̀kan ni pé kí ipò náà ṣófo. Marion Jones, eléré ìje Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ lọ́dún 2007 pé òun lo oògùn, ó sì pàdánù wúrà 100 mítà ti Sydney 2000. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Katerina Thanou, ti kó sínú ọ̀ràn àyẹ̀wò oògùn tó fò ní Athens 2004. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé kò fẹ́ fà á gòkè. Lọ́dún 2009, wọ́n fi wúrà sílẹ̀ láìsí olówó, Thanou di fàdákà rẹ̀ mú, Tayna Lawrence ti Jàmáíkà náà gba fàdákà, Merlene Ottey gba idẹ. Nínú 200 mítà tí Jones pàdánù bákan náà, wọn kò fi nǹkan kan ṣófo: Pauline Davis-Thompson ti Bahamas gba wúrà tààrà. Ibi tí ẹni tó tẹ̀lé náà bá ní àbàwọ́n nìkan ni òfin òfìfo ti wúlò. Bí ẹ bá ń lò ó nítorí pé ẹ kò fẹ́ ìjà, ẹ̀ ń fi ọmọ tó ṣe dáadáa jẹ ẹbọ àlàáfíà yín ni.

Èkejì ni àfikún mẹ́dàlì. Ní Salt Lake City 2002, ìdájọ́ ijó orí yìnyín dàrú nítorí adájọ́ ará Faransé kan, wọ́n sì fún Jamie Salé àti David Pelletier ti Kánádà ní wúrà láìgba ti àwọn ará Rọ́ṣíà. Ó bójú mu níbẹ̀ nítorí àwọn tó jó kò ṣẹ̀. Àwọn tó ń fún wọn ní máàkì ló ṣẹ̀. Ẹ fi ṣe ti ọjọ́ tí amúfèrè bá fọn fèrè lódì. Fún oògùn àti mẹ́sínárì, rárá.

Èyí tí ẹ ó yàn

Bí eré yín bá jẹ́ ìntá-háúsì tàbí ìdíje iléèwé tí máàkì ń ṣírò sórí ara wọn, ẹ mú òfin kejì. Fún rílè, bọ́ọ̀lù àti fọ́lì, òfin kẹta. Bí ìdíje bá kéré tó fi jẹ́ pé ẹni méjì péré ló dé òpin eré kan, òfin àkọ́kọ́ tó, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Gbèdéke ẹ̀sùn ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Òfin WADA fún wọn ní ọdún 10 láti fi pe ẹni tó lo oògùn lẹ́jọ́. Tiwa kò nílò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí rẹ́jísítà kíláàsì wà nítòsí, ọ̀kadà sì lè débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ lè kọ èyí sínú lẹ́tà ìpè bó ṣe wà:

*"Bí ìgbìmọ̀ bá rí i dájú pé ẹnikẹ́ni tó kópa kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa, a óò fagi lé èsì rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, a óò sì tún máàkì eré náà kà fún gbogbo háúsì. Nínú rílè àti eré ẹlẹ́gbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò pàdánù. A óò gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kí a tó dájọ́. Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wọlé ní kíkọ láàárín ọjọ́ 14."*

Ayẹyẹ àtúnpín náà, ẹ má ṣe é ní ọ́fíìsì hẹ́dìmáásítà. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Jàpáànù máa gba tiwọn lọ́jọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n pè wọ́n wá sí Òlíḿpíìkì Paris, wọ́n gun pèpéle, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún wọn, lẹ́yìn ọdún méjì àtààbọ̀. Àsẹ́ńbílì òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó fún tiwa, níwájú gbogbo iléèwé, kí ẹni tó ń pe orúkọ sì pe ipò tuntun náà ketekete.

Kí ẹ sì ra mẹ́dàlì mélòó kan lé. Èyí tí mẹ́sínárì ti wọ̀ lọ́rùn wọ mọ́tò lọ, ẹ má retí rẹ̀.